Ta Ni Ó Ní Wọ́n Ti Parẹ́?

Ìwé ìkéde kan ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí mo ti Amẹ́ríkà dé, níbi tí mo ti lo sáà ẹ̀kọ́ kan, ẹgbẹ́ wa yìí ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí lọ́hùn-ún. Mo ní n ó sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí a fi ẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn ará Pueblo kọ́ sí ara àpáta ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ìkéde náà lára ògiri, ohun tí akọ̀wé wa fi lẹ́tà ńláńlá kọ sí i ni "Ilé Ìran Kan Tí Ó Ti Parẹ́". N kò bínú. Mo rò pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán, ojú yóò ti àkọlé náà, yóò sì já bọ́ fúnra rẹ̀.

Kò já bọ́. Bí mo ti ń jókòó ni ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìtàn dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní: "Ìran tí kò kọ ìwé, tí ó jí lọ́jọ́ kan tí ó fi odindi ìlú sílẹ̀ láìwí fún ẹnikẹ́ni, kí ni a ó ti pè é bí kò ṣe ìran tí ó parẹ́?" Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, mi orí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n fẹ́ ti gbọ̀ngàn, a túká, èmi kò sì rí èsì fọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálámù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi sọ yẹn, irọ́ ni, irọ́ tí ó sì ti ṣe ọṣẹ́ púpọ̀ ni.

Kí n kọ́kọ́ mú yín dé ibẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ya àfonífojì náà àti ilẹ̀ tí ó yí i ká sọ́tọ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1916, wọ́n sì pè é ní Bandelier. Àwa márùn-ún ni a lọ, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kọkànlá. Ọkọ̀ gbé wa láti Albuquerque, ó sì tó wákàtí méjì kí a tó dé. Òtútù ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo wọ̀, mo sì ń wá ìkẹrin. Ibẹ̀ ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹni tí ó bá sì ti ilẹ̀ wa lọ yóò kọ́kọ́ máa mí bí ẹni tí ó ru ẹrù.

Odò kékeré kan ń ṣàn gba àárín àfonífojì náà. Ní apá àríwá rẹ̀ ni àpáta ti dìde gàgàrà bí ògiri, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti búrẹ́dì tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Kì í ṣe òkúta líle. Eérú ni tẹ́lẹ̀: òkè oníná kan ni ó tú u síta ní ohun tí ó ju mílíọ̀nù ọdún kan lọ sẹ́yìn, ó sì ki mọ́ra títí ó fi di àpáta. Ihò kún ara rẹ̀ bí afárá oyin. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ó gbẹ́ àwọn kan, ènìyàn ni ó sì fi òkúta tí ó le jù ú lọ gbẹ́ àwọn mìíràn fẹ̀ kí wọ́n lè di yàrá. Iwájú àwọn ihò yìí ni wọ́n kọ́ ilé olókùúta mọ́, alájà méjì, alájà mẹ́ta. Àwọn ilé iwájú ti wó, ṣùgbọ́n ojú ihò tí wọ́n ti igi àjà bọ̀ wà lára àpáta títí di òní, ó tò lọ ní ìlà, ìlà kan lórí èkejì, tí ènìyàn fi lè ka iye àjà tí ilé kọ̀ọ̀kan ní.

Mo gun àkàbà wọ inú ọ̀kan. Ó lè gba ènìyàn mẹ́rin bí wọn kò bá na ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé òkè yàrá náà dúdú kirikiri. Èéfín iná ni. Mo dúró, mo ń wo dúdú yìí, ohun tí ó sì sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe àdììtú kankan. Ilé ìdáná ìyá ìyá mi ni.

Lẹ́yìn èyí a tọ ipa odò lọ títí a fi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Alcove House. Inú ihò ńlá kan lára àpáta ni, ó fi nǹkan bí 140 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ilẹ̀ àfonífojì lọ. Àkàbà onígi mẹ́rin ni a fi gùn ún, pẹ̀lú àtẹ̀gùn òkúta tóóró láàárín wọn. N kò ní purọ́ fún yín: ní orí àkàbà kẹta, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, mo sì rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti dá láti kékeré. Nígbà tí mo dé òkè tí mo ń mí hẹlẹ, mo bá ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ó bi baba rẹ̀ pé, àwọn tí ó ń gbé ibí dà? Baba náà na ọwọ́ sí òfuurufú, ó ní, "Wọ́n kàn pòórá ni. Kò sí ẹni tí ó mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé pélébé tí wọ́n fún un ní ẹnu ọ̀nà wà lábẹ́ abíyá rẹ̀! Inú ìwé náà ni a kọ ọ́ sí pé àwọn ará Cochiti, àwọn ará San Ildefonso àti àwọn ìlú Pueblo mìíràn ni ìran àwọn tí ó kọ́ ilé wọ̀nyí. Cochiti wà ní gúúsù ibẹ̀, San Ildefonso wà ní apá ìlà-oòrùn, kò sì sí èyí tí ó jìnnà nínú méjèèjì. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ìjọba tí ó ń tọ́jú ibẹ̀ ti jáwọ́ nínú irọ́ náà. Àwa tí a ń lọ wòran ni a kò tíì jáwọ́.

Ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ láti orí orúkọ. Frijoles ni wọ́n ń pe àfonífojì náà nínú ìwé. Èdè Sípéènì ni. Ẹ̀wà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti bí ọmọ, tí wọ́n ti sin òkú, fún nǹkan bí irinwó ọdún, orúkọ ẹ̀wà ni àlejò rí sọ ọ́. Bandelier ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ Switzerland ni. A bí i ní 1840, ó sì dé àfonífojì yìí ní 1880. Kì í ṣe òun ni ó wá ibẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin Cochiti ni ó mú un lọ, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn baba ńlá àwọn ni ó gbé ibẹ̀. Bandelier ṣe ènìyàn: ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tilẹ̀ fi ibẹ̀ ṣe ilé ìtàn àròsọ kan tí ó jáde ní 1890. N kò bá a jà. Àwọn tí mò ń bá jà ni àwọn tí ó rántí orúkọ ẹni tí a mú lọ, tí wọ́n gbàgbé àwọn tí ó mú un lọ. Ó ti lé ní ogóje ọdún tí èsì ìbéèrè ọmọdé yẹn ti wà lórí ìwé. Ní gbogbo ibi tí a rìn dé lọ́jọ́ náà, ilé rìbìtì ńlá kan tí ó ní bí 400 yàrá, ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, ni mo rí tí ó ṣì ń jẹ́ orúkọ tí ó ti ẹnu àwọn onílé jáde. Tyuonyi ni wọ́n ń pè é, ní èdè Keres tí wọ́n ń sọ ní Cochiti.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Fún ọdún gbọọrọ, Anasazi ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń pe àwọn baba ńlá àwọn ará Pueblo. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n èdè àwọn Navajo ni, aládùúgbò tí kì í fi gbogbo ìgbà bá wọn rẹ́, ìtumọ̀ tí a sì sábà máa ń fún un ni baba ńlá àwọn ọ̀tá. Àfi bí ìgbà tí àlejò bá lọ bi ọmọ ogun Dahomey léèrè ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ń jẹ́, tí ó sì fi ohun tí ó bá gbọ́ kọ ìwé ìtàn! (Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rán mi létí pé ẹnu àwọn Haúsá ni wọ́n ní orúkọ Yorùbá ti wá. Ó dára, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni a gbà á, tí a sì fi ń yangàn. Àwọn ará Pueblo kò gba Anasazi.) Hisatsinom ni àwọn Hopi ń pe àwọn baba ńlá tiwọn, èyí ni àwọn ènìyàn ìgbà pípẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ Arizona, ilé ara àpáta kan wà tí ó ń jẹ́ Montezuma Castle, bí ẹni pé ààfin Montezuma ọba Mẹ́síkò ni. Montezuma kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn onílé ti kúrò kí a tó bí i. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé ilé náà fún un? Àwọn òyìnbó tí ó wá tẹ̀dó sí agbègbè náà kò lè gbà pé àwọn aláwọ̀ pupa tí àwọn ń fi ojú pa rẹ́ lójoojúmọ́ ní baba tí ó lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ní 1910, ìlú Atlantis, tí kò sí níbi kankan, ni ó sáré gbé e fún.

Ọ̀rẹ́ mi yóò ní kì í ṣe Bandelier ni òun ń wí, nítorí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n kúrò níbẹ̀, nǹkan bí 1550. Yóò ní Mesa Verde ni òun ní lọ́kàn. Kò burú. Ìpínlẹ̀ Colorado ni Mesa Verde wà, ní àríwá ibi tí a lọ; èmi kò dé ibẹ̀, inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bí 600 ilé ara àpáta ni ó wà níbẹ̀, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn sì ní nǹkan bí 150 yàrá. Láàárín 1190 sí 1280 ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Nígbà tí yóò fi di 1300, ibẹ̀ ti dá páropáro.

Kí ni ó lé wọn? Igi jẹ́rìí sí i. Lọ́dọọdún ni igi ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀ nínú, òrùka ọdún tí òjò pọ̀ a sanra, ti ọdún ọ̀dá a tẹ́ẹ́rẹ́. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, A. E. Douglass, ni ó so òrùka igi ààyè pọ̀ mọ́ ti igi àjà àwọn ilé àtijọ́ láìjá ní 1929, láti ìgbà náà ni a sì ti lè mọ ọdún tí wọ́n gé igi ilé kọ̀ọ̀kan. Òrùka wọ̀nyí ní ọ̀dá ńlá mú ilẹ̀ náà láti 1276 títí di 1299. Mo gbà fún ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀dá nìkan kò tó, nítorí ọ̀dá ti jà níbẹ̀ rí tí wọn kò sì kúrò. Ìjà wà, a sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ìlú kan ní agbègbè náà. Lórí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wúwo tó, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń jiyàn, ìjiyàn náà sì wúlò. Ṣùgbọ́n kí a lé ènìyàn kúrò nílé kì í ṣe ikú. Ẹni tí ó kó jáde, ibì kan ni ó kó lọ.

Gúúsù ni wọ́n kó lọ. Bí Mesa Verde ti ń ṣófo ni àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ odò Rio Grande ń kún. Àwọn ará Pueblo ti ń wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 2017 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wá gbé egungun tòlótòló yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé èyí tí àwọn ará agbègbè Mesa Verde ń sìn àti èyí tí ó dé ẹ̀gbẹ́ Rio Grande lẹ́yìn 1280, ìran kan náà ni wọ́n. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di àlọ́. Tòlótòló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ẹ̀rí! Ní 2025, àbájáde ìwádìí mìíràn tún jáde. Àwọn ará Picuris, ìlú Pueblo kékeré kan, fúnra wọn ni ó ní kí àwọn onímọ̀ yẹ ohun àjogúnbá inú ara àwọn wò, ohun tí wọ́n rí sì bá ìtàn àwọn àgbà wọn mu: ìbátan àwọn tí ó gbé Chaco Canyon ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n. Inú mi dùn sí i. Inú mi kò dùn pé ó di dandan.

Ẹnìkan lè ní, ṣé orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o ṣe ń pariwo tó báyìí? Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ṣe. Ilé tí a bá ti ní kò lólówó mọ́, ọ̀sán gangan ni a ń tú u. Ní 1891, Gustaf Nordenskiöld, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Sweden, wa ilẹ̀ Mesa Verde, ó kó ẹrù jọ. Wọ́n mú un, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó rú, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ẹrù náà kọjá sí Yúróòpù, ó sì sùn sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Helsinki. Òkú ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọdún 2020 ni egungun nǹkan bí ogún ènìyàn tó padà sílé.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti Pecos. Pecos kò ní àdììtú kankan nínú. Ìlú Pueblo ńlá ni tẹ́lẹ̀, àrùn àti ogun jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀, ní 1838 ni àwọn ìwọ̀nba tí ó kù sì kó lọ bá àwọn ìbátan wọn ní Jemez, àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà. Gbogbo ayé mọ̀. Síbẹ̀, láti 1915 títí di 1929, Alfred Kidder àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hú nǹkan bí 2,000 òkú níbẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Massachusetts, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn òkú náà sì wà láàyè ní Jemez ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹni tí a bá ti ní ó parẹ́ kò lè bèèrè egungun ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn tí òfin jáde ní 1990 ni ẹnu wọn tó ká a. Ní 1999, a kó àwọn òkú náà padà wá sí Pecos, ọ̀pọ̀ ará Jemez sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú wọn dé ibẹ̀ láti lọ tún wọn sin.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé, nítorí òun ni ọ̀rẹ́ mi fi ṣe ìdí ìyàn rẹ̀. Ìran tí kò kọ ìwé! Ní 1680, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Po'pay, ará Ohkay Owingeh, pète láti lé àwọn ará Sípéènì kúrò lórí ilẹ̀ àwọn ará Pueblo. Èdè wọn kò jọ ara wọn. Keres kò bá èdè kankan tan nínú èyí tí a mọ̀ láyé. Zuni náà dá dúró ní tirẹ̀. Hopi bá èdè àwọn Aztec tan. Tewa, Tiwa àti Towa sì jẹ́ ọmọ ìyá. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan yóò ṣe dé ìlú gbogbo lọ́jọ́ kan náà? Po'pay fi okùn oníkókó rán àwọn asáré. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń tú kókó kan lójúmọ́, ọjọ́ tí kókó bá sì tán ni ogun. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, kí ni èyí bí kò ṣe àrokò? Ọwọ́ àwọn ará Sípéènì tẹ méjì nínú àwọn asáré náà, ni wọ́n bá fa ọjọ́ súnmọ́, ogun bẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Wọ́n lé ìjọba Sípéènì lọ, ọdún méjìlá ni ó sì gbà kí ó tó padà. Ìran tí àwọn kan ní ó ti pòórá kí 1300 tó pé ni ó ṣe èyí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí, a yà ní Santa Fe bí a ti ń padà bọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé gómìnà àtijọ́, ilé tí àwọn ará Pueblo gbà ní 1680 gan-an, ni àwọn ọmọ wọn máa ń tẹ́ ọjà sí. Mo bá ìyá àgbà kan láti Cochiti níbẹ̀, ó ń ta ère amọ̀: àgbàlagbà kan ya ẹnu, ó ń pàlọ́, àwọn ọmọdé wẹ́wẹ́ sì rọ̀ mọ́ ọn láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ó bi mí níbi tí mo ti wá. Ó ní kí n kí òun ní èdè mi. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níwọ̀n bí àyè ti gbà mí, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Ó rẹ́rìn-ín. Ni mo bá fa ìwé àkọsílẹ̀ mi yọ, mo ní kí wọ́n kọ́ èmi náà ní bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́ ní Keres. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wo mí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ti ilé ni.

Ó dùn mí, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á pé ní Cochiti, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹnu ni àwọn yóò fi kọ́ ọmọ ní èdè àwọn, kì í ṣe ìwé. Bóyá ó tọ̀nà, bóyá ewu wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ń tẹ ìwé ìròyìn ní Yorùbá kò lè fi ara wa sí ipò yẹn. Ṣùgbọ́n ìran tí ó ti parẹ́ kò ní ilẹ̀kùn tí yóò tì mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláṣejù lójú.

Bí ọ̀rẹ́ mi bá ṣì ń ṣiyè méjì, kí ó lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Láti nǹkan bí 1835 ni ibẹ̀ ti di ahoro. Inú ọgbà ẹranko ìjọba ni ó wà lónìí. Kí ará Colorado kan wá dúró lórí odi tí ó kù níbẹ̀, kí ó wí fún ọmọ rẹ̀ pé àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ kàn pòórá ni, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi, tí í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́, wà nítòsí lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, a kò sì tíì fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa àkọlé tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì kọ "Ilé Àwọn Baba Ńlá Àwọn Ará Cochiti àti San Ildefonso" sí ipò rẹ̀. Bí kò bá gba ojú ìlà kan, ẹ lo méjì.